Ẹ̀tọ́ àwòkọ àti ìkọ́ni ní yunifásítì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ilé ìkàwé yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, lápá Àbújá. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá bá mi: olùkọ́ tó fẹ́ ṣe handout ń bi mí, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ìwé kò ká ń bi mí, oníṣọ́ọ̀bù fọtokọ́pì náà ń bi mí. Mo kó ìdáhùn wọn jọ ní èdè wa, nítorí Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn fi ń bi mí. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Kí ẹni tí ìwé ìpẹ̀jọ́ ti tẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá lọ́yà.

Kí ni ẹ̀tọ́ àwòkọ, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kọ́píráìtì?

Ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ni. Òun ló láṣẹ láti dà á kọ, láti tẹ̀ ẹ́, láti tà á, láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, láti gbé e sórí ayélujára. Ìwé wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ, àwòrán, fọ́tò, orin, fíìmù àti ètò kọ̀ǹpútà.

Ríra ìwé yàtọ̀ sí níní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìwé tí ẹ rà ní ọjà Wuse, tiyín ni. Ẹ lè yá ọ̀rẹ́, ẹ lè tún un tà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́, tàbí ti ẹni tó gbé ẹ̀tọ́ náà lé lọ́wọ́.

Òfin wo là ń tẹ̀lé ní Nàìjíríà báyìí?

Copyright Act 2022 ni. Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó sì rọ́pò òfin tó ti wà nílẹ̀ láti 1988. Àjọ tó ń bójú tó o ni Nigerian Copyright Commission, olú iṣẹ́ wọn sì wà ní Àbújá níbí.

Nàìjíríà wà láti 1993 nínú àdéhùn Berne, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo iṣẹ́ ara wọn. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní London tàbí ní Accra ní ààbò níbí gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ìwé òyìnbó ni, ta ni yóò wá wa dé Gwagwalada?" Òfin ò bèèrè ibi tí ìwé ti wá.

Ṣé ó dìgbà tí mo bá forúkọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ kí n tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀?

Rárá. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí tí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, ààbò ti bẹ̀rẹ̀. Àmì © kò pọn dandan. Àjọ náà ní ètò tí ènìyàn lè fi fi iṣẹ́ rẹ̀ tó wọn létí, ó sì dára, nítorí ó jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ tí iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ kì í ṣe òun ló fún yín ní ẹ̀tọ́.

Ẹ yí i síhà kejì kí ẹ wò ó: pé ẹ kò rí àmì kankan lára àwòrán tí ẹ fẹ́ lò kò sọ àwòrán náà di ọ̀fẹ́.

Kí ni ohun tí òfin kò dáàbò bò?

Èrò, ìlànà, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan, ohun tí ìwádìí bá fi hàn, àti dátà lásán. Kò sí ẹni tó ni wọ́n. Ẹ lè ka ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n lórí bí aṣálẹ̀ ṣe ń jẹ ilẹ̀ oko ní Sókótó àti Kàtsínà, kí ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ fi ẹnu ara yín ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì. Bó ṣe kọ ọ́ ló ni, kò ni aṣálẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ inú òfin ìjọba, àti ìtumọ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá ṣe, wà lómìnira bákan náà. Àwọn olùkọ́ òfin máa ń bẹ̀rù èyí láìnídìí. Ẹ tẹ odindi òfin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ dà kọ lódindi ni àkójọ tí ilé ìtẹ̀wé kan ti tò, tó ti fi àkọlé àti àlàyé tirẹ̀ sí.

Ọdún mélòó ni ààbò náà fi ń wà?

Fún ìwé, gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé, àti 70 ọdún sí i láti ìparí ọdún tó kú. Fún fọ́tò àti fíìmù, 50 ọdún láti ìparí ọdún tí wọ́n gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn tí a mọ̀ ṣírò rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kú ní 1891, Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kú ní 1901. Iṣẹ́ wọn ti di ti gbogbo ènìyàn; ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè gbé odindi rẹ̀ fún kíláàsì. D. O. Fágúnwà ńkọ́? Ọdún 1963 ló kú, nítorí náà ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò títí di ìparí 2033, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1938 ni àkọ́kọ́ nínú wọn jáde. Nínú àwọn tó kọ̀wé ní Hausa, Abubakar Tafawa Balewa kú ní 1966, tirẹ̀ yóò parí ní 2036. Abubakar Imam kú ní 1981, tirẹ̀ di 2051. Ọdún ikú ni ẹ ó wò, ẹ má wo bí ìwé náà ti gbó tó.

Ẹ̀dà tuntun ìwé àtijọ́ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀rọ̀ Johnson wà lómìnira, àmọ́ bí ẹnìkan bá tún un tẹ̀ lónìí, tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i, tó fi àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, àfikún yẹn jẹ́ tirẹ̀.

Fair use tí mò ń rí lórí ayélujára àti fair dealing tí òfin wa sọ, ṣé ọ̀kan náà ni?

Wọ́n jọra, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Fair use jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ó wà ní apá 107 òfin wọn ti 1976. Fair dealing ni tiwa, ó wà ní apá 20 òfin 2022. Èmi ń pe méjèèjì ní ìlò tó bójú mu: ohun tí ènìyàn lè fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe láìtọrọ àṣẹ, láìsanwó. Tiwa dárúkọ ìlò ti ara ẹni, ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, ìdákẹ́kọ̀ọ́, lámèyítọ́, ìròyìn ohun tó ń lọ, àti ẹ̀fẹ̀ tí a fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe.

Òfin 2022 fi "such as", ìyẹn "bí irú", ṣíwájú àwọn ìdí yẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ó ṣe pàtàkì, nítorí ó fi hàn pé àpẹẹrẹ ni wọ́n, pé ìdí mìíràn tó jọ wọ́n lè wọlé. Ó tún gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀ fún adájọ́, irú èyí tó wà nínú ti Amẹ́ríkà: kí ni ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo ni ohun tí ẹ mú nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí ni yóò ṣe sí títà rẹ̀ lọ́jà?

Ìkẹrin yìí ni mo máa ń fi ṣáájú bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ẹ̀dà yín, ṣé kò ní í ra ìwé náà mọ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti wọ inú oúnjẹ oníwèé, ìyókù àwíjàre ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́.

Òfin Amẹ́ríkà dárúkọ ìkọ́ni gbangba, ó tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀dà púpọ̀ fún kíláàsì. Ìkọ́ni kò sí lára àwọn ìdí tí mo kà sókè yẹn nínú tiwa. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka ìtọ́sọ́nà tí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òfin Nàìjíríà ni.

Wọ́n ní kò sí wàhálà tí mi ò bá kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwé. Ṣé òótọ́ ni?

Kò sí iye bẹ́ẹ̀ nínú fair dealing wa. Mo mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti mú un. Ní 2008, àwọn ilé ìtẹ̀wé kan, tí Cambridge University Press wà lára wọn, pe Georgia State University lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà nítorí apá ìwé tí ilé ìkàwé wọn ń gbé fún kíláàsì lórí kọ̀ǹpútà. Adájọ́ àkọ́kọ́ lo ìdá mẹ́wàá tàbí orí kan bí òṣùwọ̀n. Nígbà tó di 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, pé ìlò kọ̀ọ̀kan ni a ó gbé yẹ̀wò lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri náà kọ́ ni ẹjọ́ náà ṣe parí.

Ìwọ̀n nìkan kò tó. Ewì onílà mẹ́rìnlá, odindi iṣẹ́ ni. Nínú ìwé ojú ewé 400, ojú ewé méjì tí gbogbo ènìyàn torí rẹ̀ ń ra ìwé náà lè pọ̀ jù. Ohun tí èmi ń sọ fún àwọn olùkọ́ wa ni pé kí wọ́n má kọjá orí kan nínú ìwé tó ní orí púpọ̀, fún kíláàsì kan, fún sáà kan, kí ìwé náà fúnra rẹ̀ sì wà nílé ìkàwé fún ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù. Ìmọ̀ràn ni mo fi fún wọn o, kò sí nínú òfin.

Bí mo bá ti dárúkọ òǹkọ̀wé, ṣé kò tán síbẹ̀?

Kò tán. Dídárúkọ rẹ̀ ń yọ yín kúrò nínú ẹ̀sùn pé ẹ jí iṣẹ́ oníṣẹ́ pè ní tiyín, òfin sì béèrè fún un níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ̀sùn méjì ni. Ẹni tó da odindi ìwé kọ tó sì kọ orúkọ òǹkọ̀wé gàdàgbà síwájú rẹ̀ kò jí orúkọ, ọjà ló jí. Ẹni tó da ọ̀rọ̀ Johnson kọ láìdárúkọ rẹ̀ kò rú òfin àwòkọ, nítorí iṣẹ́ náà ti wà lómìnira, síbẹ̀ yunifásítì lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn géètì ń ṣe fọtokọ́pì odindi ìwé, ó ń dì í, ó ń tà á. Ṣé ó burú?

Ó burú. Odindi ìwé tó ṣì wà lọ́jà, tí a dà kọ fún títà, kò bójú mu lábẹ́ òfin kankan tí mo mọ̀. Kì í ṣe ìlò ti ara ẹni, nítorí oníṣọ́ọ̀bù ń jèrè lórí rẹ̀. Òfin wa ní owó ìtanràn fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú. Olùkọ́ tó fi ìwé sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí gbogbo kíláàsì lọ gba tiwọn níbẹ̀, kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ kan rí, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìwé àtijọ́ nínú ọyẹ́ àti eruku apá Òkè Ọya. Ọdún méjì ni mo fi kọ ọ́, owó ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Kò pé sáà kan lẹ́yìn náà tí mo fi bá a ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ti fi ike dì í, orúkọ mi ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tà á kò mọ̀ mí. Ó ní kí n mú méjì, òun yóò dín owó rẹ̀ kù. Páálí ojúlówó ẹ̀dà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi nílé, mi ò sì tún un tẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ ohun tó ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Mìdúgùrì wá, tó ń san owó yàrá, tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, níbo ni yóò ti rí owó ìwé ìṣègùn tí wọ́n fi dọ́là ṣírò? Ọ̀nà wà fún wa láti ràn án lọ́wọ́ láìjalè. Kí olùkọ́ sọ fún ilé ìkàwé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, a ó ya ẹ̀dà méjì mẹ́ta sọ́tọ̀ tí kò ní í jáde kúrò nílé. Kí ó gba ẹ̀dà àtijọ́ láàyè, níwọ̀n ìgbà tí orí tó fẹ́ kọ́ kò yí padà. Kí ó wo OpenStax ti Rice University ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwé físíìsì, bàọ́lọ́jì àti ètò ọrọ̀ ajé wà lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àṣẹ. Fún ẹ̀dà púpọ̀, ẹgbẹ́ REPRONIG wà tí Nigerian Copyright Commission fọwọ́ sí láti máa gba owó àdàkọ fún àwọn òǹkọ̀wé àti ilé ìtẹ̀wé. Yunifásítì ló yẹ kí ó bá wọn ṣàdéhùn, kì í ṣe olùkọ́ kan ṣoṣo.

Ìwé tí kò sí lọ́jà mọ́ ńkọ́?

Pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́ kò pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ràn yín lọ́wọ́ lórí ìbéèrè kẹrin, nítorí kò sí ọjà tí ẹ̀dà yín ń bàjẹ́. Òfin tún ya ilé ìkàwé sọ́tọ̀, ó fún wa ní àyè láti ṣe ẹ̀dà fún ìtọ́jú ohun tó fẹ́ parun. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi wá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ti bá olùkọ́ mẹ́ta kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, méjì rí "bẹ́ẹ̀ ni" gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láìsan kọ́bọ̀. Inú àgbà òǹkọ̀wé máa ń dùn pé ẹnìkan ṣì ń kọ́ ọmọ ní ìwé òun.

Wọ́n ní ilé ẹjọ́ ní Íńdíà ti sọ pé fọtokọ́pì fún kíláàsì kò burú. Kí ló dé tí tiwa fi le?

Òótọ́ ni. Ilé ẹjọ́ gíga Delhi ló dá a, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Oxford University Press, Cambridge University Press àti Taylor & Francis ló pe ṣọ́ọ̀bù Rameshwari àti yunifásítì Delhi lẹ́jọ́, nítorí ìdìpọ̀ tí wọ́n ń fi orí ìwé oríṣiríṣi ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Adájọ́ dá ẹjọ́ náà nù. Àmọ́ ohun tó gbára lé ni ìlà kan nínú òfin Íńdíà tó gba olùkọ́ láyè láti da iṣẹ́ kọ nínú ètò ìkọ́ni. Ìlà yẹn jẹ́ tiwọn. Ẹ tún kíyè sí i pé apá ìwé ni wọ́n ń dì pọ̀ níbẹ̀, ohun tí olùkọ́ yàn, kì í ṣe odindi ìwé kan tí a tẹ̀ láti fi rọ́pò èyí tó wà lọ́jà.

Ní Amẹ́ríkà, lórí irú ìdìpọ̀ kan náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ilé iṣẹ́ Michigan Document Services lẹ́bi ní 1996, nítorí òwò ni wọ́n fi ń ṣe. Adájọ́ wa lè ka méjèèjì, kò sì sí èyí tó jẹ́ dandan fún un. Bí mo bá fẹ́ sọ tọkàn mi, ti Delhi ló sún mọ́ irú ìyà tó ń jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ì bá sì wù mí kí àwọn aṣòfin wa kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́. Títí di ìgbà náà, ohun tó wà nílẹ̀ ni a ó lò.

Ṣé mo lè ju PDF ìwé sínú WhatsApp tàbí Telegram kíláàsì?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù láti ìgbà kòrónà. Ó sinmi lórí ohun tó wà nínú PDF náà. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ kọ fúnra yín, ìwé tó ti wà lómìnira, tàbí èyí tó ní àṣẹ gbangba, ẹ máa jù ú. Bó bá jẹ́ orí kan nínú ìwé olówó, ẹ rántí ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ odindi ìwé tó wà lọ́jà, ó kù díẹ̀ kó dà bíi ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn géètì, bí ẹ kò tilẹ̀ gba owó.

WhatsApp ò ní ògiri. Ẹ̀dà tí ẹ jù fún akẹ́kọ̀ọ́ 60 lónìí lè ti dé Kánò àti Jọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ yín sì wà lórí rẹ̀. Ohun tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi sórí ìkànnì yunifásítì tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀, kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún kóòsì náà nìkan rí i, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nígbà tí sáà bá parí. Òfin àtijọ́ wa ní kí a pa ẹ̀dà tí a ṣe fún ìkọ́ni rẹ́ kí oṣù 12 tó pé. Mo ṣì ń tẹ̀lé àṣà yẹn, nítorí ó fi hàn pé ìkọ́ni ni ẹ torí rẹ̀ ṣe é.

Bí ilé ìkàwé bá ti sanwó fún jọ́nà kan, líǹkì ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Líǹkì kì í ṣe ẹ̀dà, kò sì ní jẹ dátà akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó ṣí i.

Àwòrán tí mo rí lórí Google, ṣé mo lè fi sínú slide?

Google kò ni àwòrán náà, ó kàn fi ibi tó wà hàn yín ni. Bí ẹ bá fẹ́ tú àwòrán náà palẹ̀ níwájú kíláàsì, lámèyítọ́ ni, ó bójú mu, ẹ kọ orúkọ ẹni tó yà á. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, ẹ wá èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Wikimedia Commons. Tàbí kí ẹ gbé fóònù jáde: olùkọ́ jíọ́gíráfì tó ń kọ́ni nípa òkúta ní Àbújá, tí Zuma wà lójú ọ̀nà Kàdúná, kí ló fẹ́ fi fọ́tò oníṣòwò ṣe?

Fídíò YouTube àti fíìmù ńkọ́?

Ẹ fi líǹkì ránṣẹ́, tàbí kí ẹ ṣí i níbẹ̀ nínú kíláàsì. Ẹ má wà á sórí fóònù kí ẹ tó pín in. Fún fíìmù, ẹ fi apá tí ẹ fẹ́ jíròrò hàn, kí ẹ sì jíròrò rẹ̀. Fífi odindi fíìmù pa àkókò nígbà tí olùkọ́ kò sí nílé kì í ṣe lámèyítọ́.

Kí ni Creative Commons?

Ìwé àṣẹ tí ẹni tó ni iṣẹ́ fi síwájú, kí ẹ má baà máa kọ lẹ́tà. Ó ti wà láti 2002. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé CC ni kí ẹ kà: BY ni pé kí ẹ dárúkọ mi, SA ni pé bí ẹ bá tún un ṣe, irú àṣẹ kan náà ni kí ẹ fi sílẹ̀, NC ni pé kí ẹ má fi ṣòwò, ND ni pé kí ẹ má yí i padà. Ẹ̀kọ́ tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ń gbé sórí ayélujára láti 2002 ní BY, NC àti SA. Wikipedia ní BY àti SA, nítorí náà ẹ lè dà á kọ sínú handout bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀. National Open University ní Jabi níbí náà ń gbé ìwé kóòsì rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn. Ẹ wo ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan fún irú àṣẹ tó ní.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé olùkọ́ yóò fi ohun tó ní NC sínú handout tó ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, àṣẹ yẹn ò bò yín mọ́.

Slide àti handout tí mo kọ, ta ló ni wọ́n: èmi ni àbí yunifásítì?

Òfin bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Àmọ́ àdéhùn tí ẹ buwọ́ lù lè yí i padà, nítorí náà ẹ yọ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín jáde, kí ẹ sì béèrè ìlànà yunifásítì lórí iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò kà á rí títí wọ́n fi fẹ́ kúrò. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan fi owó ìwádìí ti lẹ́yìn, bíi TETFund, ní ìwé àdéhùn tirẹ̀, ẹ ka ìyẹn náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ohùn yín sílẹ̀ láti fi kẹ́kọ̀ọ́ nílé kò ṣẹ̀ yín. Bó bá gbé e sórí YouTube láìtọrọ, tàbí tó tẹ̀ ẹ́ tó ń tà á, ó ti kọjá àyè rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú wà ní kíláàsì mi. Ṣé mo lè sọ odindi ìwé di ohùn tàbí Braille fún un?

Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ní 2017, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Marrakesh, èyí tó wà fún àwọn afọ́jú àti àwọn tí ìwé kíkà nira fún, òfin 2022 sì ti gbà á wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé tí kò fi ṣòwò lè ṣe odindi ẹ̀dà tí ẹni tí kò ríran tàbí tí ìwé kíkà nira fún yóò lè lò. Ìyẹn ni pé a ò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí kan tàbí orí méjì. Kí ẹ̀dà náà má ti ọ̀dọ̀ àwọn tí a ṣe é fún bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ìyẹn nìkan ni. Ẹ mú ìwé náà wá nígbà tí ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí sáà wọlé, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń dùn mí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìwé lẹ́yìn ìdánwò.

Mo fẹ́ túmọ̀ orí kan sí Yorùbá tàbí Hausa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣé n kò nílò àṣẹ?

Ìtumọ̀ wà lára ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Bí ẹ bá túmọ̀ ìpínrọ̀ díẹ̀ láti fi ṣàlàyé nínú kíláàsì, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ tọrọ àṣẹ. Bí ẹ bá wá ẹni tó ni ín tì, òfin wa fi ọ̀nà sílẹ̀ láti bẹ àjọ náà fún àṣẹ ìtumọ̀ nítorí ìkọ́ni, pẹ̀lú ìlànà àti owó tó tọ́ sí oníṣẹ́. Kò yá, kò sì wọ́pọ̀, àmọ́ ó wà nínú òfin, ó sì yẹ kí ẹ̀ka èdè abínibí wa máa lò ó.

Àpilẹ̀kọ tí mo kọ nínú jọ́nà, kí ló dé tí mi ò lè gbé e síta bó ṣe wù mí?

Nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ sí ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ náà fún òǹtẹ̀wé. Ẹ wá ìwé náà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà gba òǹkọ̀wé láyè láti gbé ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó tò ó, wọn ò gba èyí tó ní àmì jọ́nà. Bó bá jẹ́ jọ́nà tí àṣẹ CC BY wà lórí rẹ̀, ẹ gbé èyí tó bá wù yín. Kí ẹ tó buwọ́ lu tuntun, ẹ béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìkọ́ni sílẹ̀ fún yín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà láìjiyàn.

Mo rí handout mi lórí ìkànnì kan tí wọ́n ń tà á. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì àti ọjọ́, kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ wá faili àkọ́kọ́ tí ẹ fi kọ ọ́, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí ìkànnì náà tàbí sí ilé iṣẹ́ tó gbà á sílé: orúkọ yín, bí wọ́n ṣe lè kàn sí yín, iṣẹ́ tó jẹ́ tiyín, ibi tó wà gan-an, àti pé ẹ kò fún wọn láṣẹ. Òfin 2022 ní apá kan lórí irú ìwé ìkìlọ̀ yìí, ó sì di iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà láti gbé ìgbésẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti fèsì, nítorí náà ẹ má kọ ohun tí ẹ kò lè dúró tì.

Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àjọ náà. Ẹ mú ẹ̀dà tí wọ́n ń tà dání bí ẹ bá lè rà á, kí ẹ sì fi rìsíìtì rẹ̀ sínú àpò ìwé kan náà.